Ọmọ Méje Tí Mo Bí Sínú Ìwé VP

Ihò kan wà lára ògiri ilé ìwé tí mo ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Búlọ́ọ̀kù kan ló yẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó dá a padà. Bí mo bá jókòó sórí àpótí mi, ihò náà á ṣe rẹ́gí ojú mi, àmọ́ ohun tí mo ń rí níbẹ̀ kò ju láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi mọ àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn. Mo mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń fi òróró pa lẹ́sẹ̀. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀gbọ́n ló wọ̀, tí gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ wà lókè kókósẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, mo tilẹ̀ ń mọ àdúgbò. Àwọn tó bá ti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ńlá wá, ẹrẹ̀ dúdú ni. Àwọn tó bá ti ìhà Àgọ́ Palace rìn wá, láti àdúgbò tí wọ́n gbẹ́ títì sílẹ̀ tí wọn ò rántí mọ́, ẹrẹ̀ pupa. Àwọn ọmọ Jakande Estate, ẹsẹ̀ tiwọn máa ń mọ́, wọ́n á sì máa gbé e bí ẹni pé bàbá wọn ló ni ilẹ̀.

Ilé ìwé márùn-ún ló wà nínú ọgbà kan ṣoṣo yẹn, ti ìjọba ni gbogbo wọn. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì, jùnọ̀ méjì, sínọ̀ kan. Kálukú ló ní ọ̀gá tirẹ̀, agogo tirẹ̀, àwọ̀ yúnífọ́ọ̀mù tirẹ̀. Bí agogo márààrún bá ń dún pọ̀, ẹ ó rò pé ìyàwó márùn-ún ló ń gúnyán lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníkálukú fẹ́ kí ọkọ gbọ́ tòun. Àwọn ọmọ inú wọn ńkọ́? Ọmọ Ìgbò, ọmọ Háúsá, ọmọ Ègùn, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Kàlàbá, àti àwọn tí àwọn fúnra wọn ò mọ ohun tí wọ́n jẹ́, àfi kí wọ́n délé bi bàbá wọn.

Bírò, rúlà, ìbọ̀sẹ̀ funfun, bísíkíìtì àti báàjì ilé ìwé márààrún ni mò ń tà. Màmá Oníbírò ni wọ́n ń pè mí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà ní Ìsẹ́yìn kí ìyá mi tó ní kí n wá máa bá òun ru ẹrù lọ sọ́jà. Yorùbá, mo lè kà á, mo sì lè kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń wò ó yìí. Òyìnbó ni kò yé mi. Bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ará ilé kejì ló rí létí mi: mo mọ̀ pé ó ń rọ̀, kì í kàn pa mí ni. Àmọ́ orúkọ ara mi, kò sí tíṣà tó lè kọ ọ́ jù mí lọ. Tíṣà ìwé mẹ́rin mi ló kọ́ mi pé kí n fa ìrù sí lẹ́tà tó kẹ́yìn, kí ìrù náà yí wá sábẹ́ orúkọ, kó ká síbẹ̀ bí ejò tó ń sùn. Ẹ fi ìrù yẹn sọ́kàn.

Àṣà kan wà lẹ́nu géètì wa tí ẹ ò lè bá nínú ìwé òfin ìjọba. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, ilé ìwé á ní, “Lọ mú òbí ẹ wá.” Òbí wo? Òbí ti jáde nílé láti aago márùn-ún, ó ti wà ní Òṣòdì, ó ti wọkọ̀ kejì. Bó bá ní òun ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí, kó má lọ mọ́ nìyẹn. Ni ọmọ bá ń yá òbí. Gbogbo àwa alátẹ ẹnu géètì la ti ṣe òbí rí. Fúkánáísà tó ń lẹ táyà lódìkejì títì ti ṣe bàbá ọmọ títí, débi pé ó ra báàgì awọ kan tó máa ń gbé há abíyá wọlé, kí wọ́n lè rò pé ọ́fíìsì ló ti ń bọ̀.

Ọmọ Háúsá kan, tí bàbá rẹ̀ ń rán bàtà ní Ṣógúnlé, ló kọ́kọ́ bẹ̀ mí.

“Màmá Oníbírò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ṣe ìyá mi.”

“Kí lo ṣe?”

“Mo rẹ́rìn-ín níbi àdúrà.”

“Bàbá ẹ ńkọ́?”

“Bàbá á pa mí.”

Ta ló ń pa ọmọ nítorí ẹ̀rín? Èmi tí mo ti rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú ìyá ọkọ mi. Mo ní kí fúkánáísà bá mi wo àtẹ, mo wé gèlè. Kí n má parọ́, àánú ọmọ náà nìkan kọ́ ló gbé mi dìde. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wo ẹsẹ̀. Mo fẹ́ rí ìyókù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní iye tí mò ń gbà. Owó kọ́ o. Yàrá kan ni. Ọmọ tó bá fẹ́ kí n ṣe ìyá òun, yóò kọ́kọ́ fi yàrá kan tí mi ò rí rí hàn mí nínú ọgbà náà kí n tó jáde. Ọmọ Háúsá yẹn mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì. Alángbá kan wà nínú ìgò níbẹ̀, ó lóṣòó sínú omi bí ẹni tó ń ronú. Mo bi í léèrè títí: ta ló pa á? Omi wo nìyẹn? Kí ló dé tí kò rà? Ṣé wọ́n máa sin ín ni? Ọmọ ò mọ ìkankan. Ọmọ Kàlàbá kan fi yàrá ìdáná hàn mí, ibi tí sítóòfù mẹ́fà wà tí wọn kì í tàn. Wọ́n ya oúnjẹ sára pátákó, wọ́n ń kọ ìsebẹ̀ sínú ìwé. Mo bi tíṣà tó wà níbẹ̀ pé ṣé inú ìwé náà ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ègùn mú mi wo ilé ìkàwé. Ìwé pọ̀ níbẹ̀ ju ènìyàn lọ. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, eruku ló kí mi.

Ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá jùnọ̀ tó sún mọ́ géètì, ẹni tí wọ́n ń pè ní VP, la ti ń ṣe òbí. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì tí òbí máa ń fọwọ́ sí. VP ìgbà yẹn kì í gbójú sókè rárá. Á ní “Sign here,” èmi náà á fa bírò yọ létí, màá kọ orúkọ mi gbàgàdà, màá fa ìrù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mẹ́fà, kò sì wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé ìwé kan náà ni.

Ọmọ keje ni ìtàn mi dá lé.

Ọmọbìnrin ni, JS Three ló wà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan kì í dúró lókè. Bó bá dé ìdí àtẹ mi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìgbò ni wọ́n máa ń sọ, wàràwàrà bí ẹni ń da ẹ̀wà sínú agolo. Èmi náà á kí wọn ní “kèdú” témi, wọ́n á sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ló ń pẹ́. Géètì á ti tì, á dúró síta títí ẹnì kan yóò fi ṣàánú rẹ̀.

Ní tàámù yẹn, VP tuntun dé. Obìnrin tó ga ni, ó fi okùn so awò ojú kọ́rùn, kò sì sí nǹkan tí kì í gbójú sókè wò. Ó kìlọ̀ fún ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta nípa pípẹ́, ó ní kó mú ìyá rẹ̀ wá. Kò mú un wá. Ó wá ní bí òun ò bá rí ìyá rẹ̀ kó tó di àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kò ní wọ họ́ọ̀lù. Ìdánwò tí wọ́n fi ń kọjá sí sínọ̀ mà ni. Ẹni tí kò bá ṣe é, ọdún tó ń bọ̀ ni, kó tún padà sí JS Three pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ mọ́jú, ló tó wá bá mi. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni ìdánwò.

“Màmá, ẹ gbà mí.”

“Ìyá ẹ dà?”

“Wọ́n wà níbi iṣẹ́. Mo sọ fún wọn lánàá, wọ́n ní ọ̀gá àwọn ò ní jẹ́ kí àwọn jáde.”

Ó yẹ kí n kàn dìde. Àmọ́ ẹnu mi ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, mo ní, “Yàrá wo lo máa fi hàn mí?”

Ó nu imú. “Yàrá kọ̀ǹpútà.”

Yàrá kọ̀ǹpútà! Èyí tí mo ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti kó páálí ńláńlá wọlé. Mo ti wé gèlè kó tó sọ̀rọ̀ tán.

VP kí mi dáadáa. “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ni ìyá ọmọ yìí?”

“Ta lẹ tún rò pé yóò jẹ́, mà? Ẹ wo imú wa.”

Ó wo imú mi, ó wo ti ọmọ. Imú méjèèjì ò mọ ara wọn rí. Ó ṣí ìwé ńlá, ó tì í síwájú mi. Mo fa bírò yọ létí, mo kọ orúkọ mi, mo fa ìrù, ejò ká síbẹ̀ ó sùn.

VP gbé awò sójú. Ó wo ìrù náà. Ó ṣí ewé kan sẹ́yìn. Ó ṣí òmíràn. Mo ń gbọ́ bí ewé ìwé ṣe ń dún, òógùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í já sí mi lábẹ́ gèlè.

“Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?”

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, mà.”

“Èmi ti kà á. Méje. Ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ Háúsá, ọ̀kan ń jẹ́ ti Ègùn, ọ̀kan ń jẹ́ ti Kàlàbá. Méjì nínú wọn, oṣù mẹ́ta ló wà láàárín ọjọ́ ìbí wọn.”

“Ọkọ mi máa ń rìnrìn àjò, mà.”

“Òun ló ń rìnrìn àjò ni, àbí ẹ̀yin?”

Akọ̀wé tó jókòó sí kọ̀rọ̀ pọ tíì tó ń mu jáde nímú. Èmi gan-an ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà dùn, kò sẹ́ni tó tíì dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń tajà. Àmọ́ VP bọ́ awò lójú, mo sì rí i pé ẹ̀rín ti tán.

Ó kọjú sí ọmọ. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún ẹ. Ìyá tó bí ẹ ni mo ní kó wá. O wá lọ yá ìyá. Lọ jókòó síta. O ò wọ họ́ọ̀lù lónìí.”

Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn ń wo bàtà rẹ̀. Ìyẹn ló ká mi lára jù. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́, nítorí ìrù lẹ́tà kan tí mo fẹ́ kí ayé rí. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ fi èmi jìyà rẹ̀, mà. Ẹ lé mi kúrò lẹ́nu géètì. Ẹ jẹ́ kó wọlé.”

“Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ìyá rẹ̀, kí lẹ mọ̀ nípa rẹ̀?”

“Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀.”

“Ẹsẹ̀?”

“Ẹ wo bàtà rẹ̀, mà. Ẹrẹ̀ pupa ló wà nísàlẹ̀ yẹn, a jẹ́ pé ìhà Àgọ́ Palace ló ti rìn wá. Ẹrẹ̀ dúdú tún wà lórí pupa. Ẹ rí i? Ẹni tó bá ń ti Àgọ́ bọ̀ tààrà kì í gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Kí ló wá lọ ṣe níbẹ̀? Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ méjì ń lọ. Mo ti ta ìbọ̀sẹ̀ wọn fún un, ó sì sọ fún mi nígbà náà bí ilé wọn ṣe rí. Ìyá wọn ń gbálẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ilẹ̀ kì í mọ́ kó tó jáde nílé. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń mú wọn débẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó wá ń sáré bọ̀ níbí. Kì í ṣe oorun ló ń mú un pẹ́.”

VP tẹ̀ síwájú láti orí tábìlì, ó wo bàtà náà pẹ́.

“Ṣé òótọ́ ni?”

Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Èmi ni mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Bí wọ́n bá ti ní ‘òbí ẹ dà,’ mà, ọmọ wo ló tún ń sọ ìtàn?”

VP ò bínú. Ó wo aago ara ògiri. Mo rí i pé ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀. Bí mo bá gbẹ́nu dákẹ́ níbẹ̀, ó tán. Ẹnu mi dà tó ń dákẹ́? Mo ní kí n fi iyọ̀ sí i.

“Ẹ tún rò ó wò, mà. Ọmọ Ìgbò ni, wọn ò ní ẹbí wọn ò ní ará ní Èkó yìí. Ó yẹ kí àwa tí a nílẹ̀ ṣàánú wọn.”

Ọmọ náà gbójú sókè, ó la ẹnu, ó pa á dé. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan já wọ ọ́fíìsì láìkànlẹ̀kùn. Obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, nínú aṣọ iṣẹ́ àwọn agbálẹ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Imú rẹ̀ nìyẹn, imú ọmọ náà, láìkù síbì kan.

“Ẹ kú uṣẹ́ o, mà,” ló wí, ó wólẹ̀ lórí eékún. “Èmi ni mo bí i. Mo bẹ ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́ kó bá mi dúró ni. Ẹ má bínú.”

Ohùn Èkìtì ni, tó ki bí iyán àárọ̀. VP dìde dúró.

“Ará ibo nínú Èkìtì?”

“Ìkọ̀lé, mà.”

“Èmi, Ọ̀yẹ́ ni.” Ó wá yíjú sí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. “Ìyá ọmọ Ìgbò, ẹ gbọ́?”

Akọ̀wé sá jáde lọ rẹ́rìn-ín. Mo wo ọmọ náà.

“Kí ló dé tó jẹ́ Ìgbò lò ń sọ?”

“Gbogbo ilé tí à ń gbé, Ìgbò ni wọ́n, Màmá. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí.”

“O ò sì sọ fún mi!”

“Ẹ ò bi mí rí.”

Òótọ́ ni. Èmi tí mo bi wọ́n léèrè pé ta ló pa alángbá inú ìgò. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ yìí fi ń ra bísíkíìtì lọ́wọ́ mi, tí mò ń sọ “kèdú” fún ọmọ Ìkọ̀lé.

VP tún wo aago. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù. “Lọ,” ló sọ fún ọmọ. “Sáré.” Ó ní kí ìyá rẹ̀ dúró kí àwọn jọ sọ bí wọn yóò ṣe máa ṣe ọ̀rọ̀ àbúrò méjì yẹn. Ó tọ́ka sí èmi. “Ẹ̀yin, ọmọ mẹ́fà ló kù nínú ìwé yìí. Mo fẹ́ rí àwọn tó bí wọn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ̀yin lẹ máa mú wọn wá.”

Mi ò dúró bèèrè yàrá kọ̀ǹpútà. Mo padà sórí àpótí mi, mo fojú sí ihò. Ẹsẹ̀ JS Three ń tò lọ sí họ́ọ̀lù: ẹrẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ Jakande tó mọ́, bàtà tó ya lẹ́nu. Mò ń wá pupa. Agogo dún. Ìlà tán. Pápá ṣófo, mo sì ń sọ fún ara mi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, pé ìrù orúkọ mi ló tì í. Ni ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bá sáré kọjá, pupa nísàlẹ̀, dúdú lórí, ìbọ̀sẹ̀ kan wà nílẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, “Come in, quick.” Òyìnbó yẹn yé mi.

Mo kó àwọn òbí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ. Ọ̀sẹ̀ náà ò rọrùn. Nígbà tí mo dé Ṣógúnlé, bàbá tó ń rán bàtà ò jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ní, “Ìyàwó mi ti Ìsọlọ̀, ẹ káàbọ̀. Mo ti ń retí yín látọjọ́ tí ọmọ ti sọ fún mi pé òun ní ìyá méjì.” Gbogbo ìgbà yẹn ló mọ̀!

Ní tàámù tuntun, ọmọ Ìkọ̀lé wá ra báàjì sínọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó yege. Èmi fúnra mi ni mo fi pín-ìn-nì so ó mọ́ ọn láyà. Mo ní ó jẹ mí ní yàrá kọ̀ǹpútà, mi ò sì gbàgbé.

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, èmi náà ò wọbẹ̀ rí. Wọ́n máa ń tì í pa ni. Wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí ilé ìwé míì.”

“Ìwọ wá ṣèlérí ohun tí o ò rí rí fún mi?”

“Ẹ ò bi mí bóyá mo ti wọ̀ ọ́ rí.”

Ó sáré gba géètì wọlé. Mo tẹ̀ ba síbi ihò. Ìbọ̀sẹ̀ tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tà fún un, ọ̀kan ti wálẹ̀.